Àtíbàbà Tó Fì, Ẹ̀rọ Tó Dúró Ṣánṣán

Ẹ ti rí àtíbàbà ọjà tí ìjì bá jà rí. Ìdè òkè ti dẹ̀, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùlé rẹ̀ dáadáa: ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ó kàn sún, ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ni, nítorí àwọn òpó náà gùn bákan náà, wọ́n sì jọ fì pọ̀.

Fífì tó ń ba oníṣòwò nínú jẹ́ yìí ni àwọn tó ń tukọ̀ ìgbòkun sọ di irinṣẹ́.

Láti 1909, tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ti jáde, ìdí ọkọ̀ ni a ń so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí ọkọ̀ ojú omi tiwa ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Makoko kò ga. Bí omi kò bá jìn, awakọ̀ á fa orí ẹ̀rọ síwájú, fáànù abẹ́ rẹ̀ á sì jáde lómi. Ìdí ọkọ̀ ìgbòkun ga ní tirẹ̀. Atẹ́gùn ló sì ń gbé ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ kò níṣẹ́ àfi bí atẹ́gùn bá dákẹ́ tàbí bí ọkọ̀ bá ń wọ èbúté. Bí a bá so ẹ̀rọ sókè, fáànù kò ní kan omi dáadáa. Bí a bá so ó sísàlẹ̀, á máa wọ́ nínú omi, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè gòkè, kó sì lè sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ da àtíbàbà yẹn dùbúlẹ̀. Ìdí ọkọ̀ di ilẹ̀, apá irin mẹ́rin di òpó, pátákó tí ẹ̀rọ gùn di òrùlé. Bí apá férémù yìí bá ti ń relẹ̀ tàbí gòkè, ẹ̀rọ dúró ṣánṣán.

Ẹ̀rọ kékeré lè wọn kílò 25, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ létí omi ni yóò sì gbé e. Ìdí nìyí tí a fi ń fi sípíríǹgì há àárín apá: bí ẹ̀rọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni sípíríǹgì ń nà, agbára tó kó jọ yẹn ni yóò bá ọwọ́ gbé e padà. Kó má lágbára jù o. Lọ́jọ́ tí a bá yọ ẹ̀rọ kúrò, apá lè fò sókè kó ṣeni léṣe.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni fáànù ti ń ti ọkọ̀ síwájú. Títì yẹn ń tẹ ìsàlẹ̀ férémù mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì ń fa bóòtù òkè bí ẹni ń tu ìṣó. Bóòtù náà gbọ́dọ̀ gba inú ìdí ọkọ̀ já, kí irin pẹlẹbẹ gbòòrò dì í mú láti inú.

Káfíńtà tó bá fẹ́ tún àtíbàbà ṣe á kan igi kan dábùú láàárín òpó, kó má baà fì mọ́. Férémù yìí náà ní tirẹ̀: ìkọ́ tó ń há apá mọ́ ibi tí a bá fẹ́. Ìyàtọ̀ wọn ò ju pé ọwọ́ lè tú ìkọ́ yìí nígbàkigbà. Fífì nìkan kọ́ ló ba àtíbàbà jẹ́. Àìsí ohun tí yóò dá a dúró ni.