Bí Wọ́n Bá Yan Ọmọbìnrin Yín Lódì Nílé Ìwé



Ọmọ tó bá jà nílé ìwé, a óò rí i lára rẹ̀. Aṣọ á ya, ojú á wú, olùkọ́ á kọ lẹ́tà wálé. Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí kì í fi àpá sílẹ̀ lára, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin. Àwa Yorùbá ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́: yíyan ni lódì.

Ká sọ pé ọmọ yín wà ní kíláàsì karùn-ún. Títí di àná, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló jọ ń ṣeré. Lónìí, bó ṣe jókòó tì wọ́n ni wọ́n dìde. Ó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, gbogbo wọn ló rí ìwé ìpè gbà àfi òun. Kíláàsì fẹ́ lọ ìrìn àjò, ìyẹn Klassenfahrt, wọ́n ní kí kálukú yan àwọn tí wọ́n á jọ sùn ní yàrá. Kò sẹ́ni tó yàn án. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án o. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Kò sí nǹkan, Mọ́mì." Àmọ́ inú ń run ún láràárọ̀, kò sì fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́.

Kì í ṣe eré ọmọdé

Ní 1988, Kirsti Lagerspetz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọbìnrin máa ń gba ẹ̀yìn bá ara wọn jà ju àwọn ọmọkùnrin lọ: wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, wọ́n á tú àṣírí, wọ́n á ní kí àwọn yòókù má bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta péré ló ní, tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù fún un nílé ìwé?

Tí irú ìwà yìí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, Mobbing ni ilé ìwé Jámánì ń pè é. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn, torí tí ẹ bá lò ó, olùkọ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Dókítà kan ní Sweden, Peter-Paul Heinemann, ló mú un wọnú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní 1969. Bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe sí ọmọ aláwọ̀ dúdú tó gbà tọ́ ló mú un kọ̀wé. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan irú ọmọ tiwa.

Ní Hamburg, kíláàsì kẹrin ni Grundschule parí. Ní Berlin, kíláàsì kẹfà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ á tú ká sí ilé ìwé tuntun, kálukú á tún máa wá ẹgbẹ́. Ẹ ṣọ́ ọmọ yín dáadáa lọ́dún yẹn.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Èkíní, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tán. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Fi wọ́n sílẹ̀, ìwé lo wá kà." Ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, àmọ́ ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé òun nìkan ló máa ru ẹrù náà.

Èkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, àwọn tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi irun tàbí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé sí Klassenlehrerin pé ẹ fẹ́ bá a jókòó sọ̀rọ̀: "Ich bitte um einen Gesprächstermin." Ẹ má dúró de Elternabend, níbi tí gbogbo òbí ti máa gbọ́. Tí èdè Jámánì yín ò bá tó, ẹ mú àgbàlagbà tó gbọ́ ọ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ náà ṣe ògbufọ̀. Kò ní fẹ́ kí ọkàn yín bà jẹ́, á sì bu ìyà tirẹ̀ kù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má lọ bá ìyá ọmọ kejì jà lẹ́nu géètì. Ọmọ yín ni wọ́n máa fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ilé ìwé ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí ń lo ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní No Blame Approach, tí Barbara Maines àti George Robinson gbé kalẹ̀ ní England. Olùkọ́ á bá ọmọ tí wọ́n yàn lódì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, á pe àwọn ọmọ mélòó kan jọ, àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tó lè ṣèrànwọ́. Kò ní bá wọn wí; á ní kí kálukú sọ ohun tí òun máa ṣe kí ara lè tu ọmọ náà. Tó bá yá, á tún pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí nǹkan dé. Ẹ bi olùkọ́ pé ọjọ́ wo nìyẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí kò bá sí ìyípadà, ẹ lọ bá Schulsozialarbeit, lẹ́yìn náà Schulleitung. Ẹ tún lè lọ bá àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ fúnra yín: ní Berlin, SIBUZ wà fún àgbègbè méjèèjìlá, ní Hamburg, ReBBZ ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ lè pe 116 111, òbí lè pe 0800 111 0550, láìsan owó, láìdárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa náà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà mìíràn, ọmọ tiwa ló ń ṣe é. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, àwọn tá a bí síbí á máa fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá wá fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn yín, ẹ má sáré sọ pé, "Ọmọ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ní 1995, Nicki Crick àti Jennifer Grotpeter rí i ní Amẹ́ríkà pé àwọn ọmọ tó ń hu irú ìwà yìí jù náà máa ń dá nìkan wà, inú wọn kì í sì í dùn. Ẹni tó bá wọn wí ló ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tí ọmọ bá wọlé lónìí, kó tó di pé ẹ béèrè máàkì, ẹ bi í pé, "Ta lẹ jọ ṣeré?" Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀, kí ẹ jókòó tì í.