Kí Ló Dé Tí Lápité Kọ Gbẹ́rẹ́?

Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti wo fíìmù Ṣaworoidẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ Lápité, owó àwọn agégẹdú ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ọba ń gba rìbá, igbó Jogbo ń tán lọ, oko ń bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì fárígá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ṣẹ̀ kí rìbá àkọ́kọ́ tó wọ ààfin. Ọjọ́ tí Lápité kọ gbẹ́rẹ́ ló ti ṣẹ̀ ẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó (1999 ni Túndé Kèlání gbé e jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀): ọba Jogbo gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó sì búra, kó tó dé adé idẹ. Ẹni tó bá dé e láìgba gbẹ́rẹ́, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ sí i, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, mọ gbogbo èyí. Ó kọ̀ ọ́, nítorí ó fẹ́ lówó, ìbúra kò sì ní jẹ́ kó ráyè.

Ẹ rántí òrùka Gyges tí a kà nínú ìwé Plato, èyí tí Glaucon fi da ọ̀rọ̀ Socrates rú. Darandaran kan rí òrùka tó ń sọ ọ́ di àwámárìí, kò sì pẹ́ tó fi gba ayaba, tó pa ọba, tó gorí ìtẹ́. Àmọ́ darandaran yẹn ṣèèṣì rí òrùka ni. Lápité ló rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó jókòó sórí ìtẹ́ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì gbèjà rẹ̀. Ó ní Socrates sọ pé kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, pé àìmọ̀kan ni. Àìmọ̀kan kẹ̀? Ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti jalè, kí ló ń sá fún nínú ìbúra pé òun kò ní jalè? Bó bá sì jẹ́ pé kò gba àṣà náà gbọ́ ni, ì bá gba gbẹ́rẹ́, kó máa kówó rẹ̀ lọ. Kíkọ̀ tó kọ̀ ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le rèé. Ká ní Lápité gba gbẹ́rẹ́, tí ẹ̀rù ikú kò jẹ́ kó fọwọ́ kan owó ìlú, ṣé ènìyàn rere la ó pè é? Nínú ìwé tó kọ ní 1785, Kant sọ̀rọ̀ nípa oníṣọ́ọ̀bù tí kì í rẹ́ ọmọdé jẹ, torí kí oníbàárà má baà sá. Ó ṣe ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó tọ́. Lójú Kant, Lápité onígbẹ̀ẹ́rẹ́ kò ní sàn jùyẹn lọ.

Àgbẹ̀ Jogbo yóò ní kí ni tòun ti ọkàn ọba, níwọ̀n ìgbà tí oko òun bá wà níbẹ̀. Mo fara mọ́ àgbẹ̀ náà. Àwọn tó dá gbẹ́rẹ́ sílẹ̀ kò retí pé gbogbo ọba ni yóò jẹ́ ọmọlúàbí. Wọ́n ṣètò sílẹ̀ de ẹni tí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Agogo Èèwọ̀ (2002) pàápàá, ìbúra náà ni wọ́n tún padà sí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni tiwa. Lọ́dọọdún là ń búra fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí. Ó kéré tán, Lápité ka ìbúra sí nǹkan tó lè múni. Nígbà tí a ṣe ìkẹyìn, akápò ti ka tirẹ̀ parí kí ẹni tó ń ya fọ́tò tó múra tán. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kà.