Omi Abẹ́ Kọnkéré: Bí Ọ̀nà Ọkọ̀ Àgbàlá Ṣe Ń Fara Da Ìgbà Òtútù ní Minnesota

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, tí ó wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó sì bá Kánádà pààlà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà láti títì wọ inú gáréèjì, yálà wọ́n fi kọnkéré ṣe é, tàbí wọ́n da ọ̀dà sí i, tàbí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì sí i. Ọ̀nà ọkọ̀ àgbàlá yìí kì í ru ẹrù tí ó wúwo, nítorí pé ọkọ̀ onílé àti ti àlejò ni ó sábà máa ń gorí rẹ̀, síbẹ̀ ti ojúlé kan lè lo ọgbọ̀n ọdún láìyẹ̀, kí ti ojúlé kejì sì ti sán kí ó sì ti máa hó kí ọdún márùn-ún tó pé. Nílùú Minneapolis, ìpíndọ́gba oṣù kìíní ọdún jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 9 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ó rọrùn láti di ẹ̀bi gbogbo ìbàjẹ́ yìí ru òtútù. Ṣùgbọ́n kọnkéré tí ó gbẹ dáadáa lè wà nínú òtútù bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí ohunkóhun má ṣe é. Omi ni ó ń ba ọ̀nà wọ̀nyí jẹ́, òtútù kàn ń fún omi lágbára ni, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ nípa ọ̀nà ọkọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù kò sì ju ọgbọ́n àtilé omi lọ, tàbí àtipèsè àyè fún èyí tí kò ṣeé lé.

Ẹni tí ó bá ti gbàgbé ìgò omi tí ó kún dẹ́nu sínú fírísà rí mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò náà. Omi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ohun olómi yòókù ní ti pé, nígbà tí ó bá dì, ṣe ni ó máa ń fẹ̀ sí i, ó sì ń fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100. Kọnkéré, bí ó ti wù kí ó le tó, kún fún ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, omi òjò àti ti yìnyín tí ó yọ́ sì ń wọ inú wọn. Bí omi yìí bá dì, á máa ti ara ihò náà síta. Bí ó bá yọ́, omi mìíràn á wọ àyè tí ti àkọ́kọ́ ti là, á sì tún dì. Dídì àti yíyọ́ léraléra yìí ni ó ń ṣe ọṣẹ́ ju bí òtútù ṣe mú tó lọ, ìdí sì nìyí tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń yọ́ yìnyín tí òru sì ń dì í padà, fi lè ba ojú ọ̀nà jẹ́ ju odindi oṣù kìíní tí gbogbo nǹkan dì gbagidi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, nínú erùpẹ̀ tí a kò rí, tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ máa ń wú nígbà òtútù, á gbé ojú ọ̀nà sókè, á sì tún já a sílẹ̀ nígbà tí ó bá yọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rò pé fífẹ̀ omi nìkan ni ó fa wíwú yìí, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò bára mu: bí ilẹ̀ tí ó jìn tó mítà kan bá dì, tí omi sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kò yẹ kí ó ga sókè ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ mìíràn ń wú ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹni tí ó tú kókó náà ni Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì South Carolina, ìpínlẹ̀ tí ó móoru tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò ní retí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa dídì ilẹ̀ yóò ti jáde. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1929 àti 1930, ó fi ohun olómi tí a ń pè ní benzene rọ́pò omi nínú amọ̀, ó sì mú kí ó dì. Benzene kì í fẹ̀ bí ó bá dì. Ṣe ni ó ń súnkì. Síbẹ̀ amọ̀ náà wú. Ohun tí èyí fi hàn ni pé wíwú ilẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ omi tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan wá: ojú ibi tí dídì ti ń ṣẹlẹ̀ ń fa omi tuntun láti ìsàlẹ̀, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, omi náà sì ń dì lé ara rẹ̀ lórí títí yóò fi di awẹ́ yìnyín tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú erùpẹ̀. Bí awẹ́ wọ̀nyí ṣe ń nípọn sí i ni ohun gbogbo tí ó wà lórí wọn ń gbéra.

Ní ọdún 1931, Arthur Casagrande, onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Austria, fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ṣì ń tọ́ka sí: bí ilẹ̀ tí ẹyọ ńlá àti kékeré dà pọ̀ nínú rẹ̀ bá ní ju ìdá 3 nínú 100 lọ nínú ẹyọ tí kò tó 0.02 mìlímítà, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wú. Ẹyọ iyanrìn tóbi, àyè àárín wọn sì fẹ̀ jù láti fa omi sókè. Amọ̀ gidi ń fa omi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó tètè kọjá. Èyí tí ó burú jù ni erùpẹ̀ kíkúnná tí ó wà láàárín méjèèjì, tí ó ń fa omi tí ó sì ń jẹ́ kí ó yára rìn. Ibi tí ilé wà nínú ìpínlẹ̀ náà ṣe pàtàkì nítorí èyí, torí pé ẹni tí ó kọ́lé sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn Anoka ní àríwá Minneapolis ti rí ojú rere gbà lọ́wọ́ ilẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó wà ní àfonífojì odò Red River, níbi tí adágún àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Agassiz fi amọ̀ sílẹ̀ sí, ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Ààrò mẹ́ta ni ó gbé ìkòkò wíwú ilẹ̀ yìí dúró: òtútù tí ó wọlẹ̀, erùpẹ̀ tí ó lè fa omi, àti omi tí yóò fà. Bí a bá yọ ọ̀kan, ọbẹ̀ dànù. Òtútù kò ṣeé yọ, nítorí òfin ilé kíkọ́ Minnesota fúnra rẹ̀ gbà pé dídì ń jìn débi pé ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ tó ínǹṣì 42 ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà àti ínǹṣì 60 ní àríwá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nítorí ibi tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé. Erùpẹ̀ àti omi ni ọwọ́ tó. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò kó erùpẹ̀ òkè kúrò, yóò fi òkúta fífọ́ tí kò ní ẹbu púpọ̀ dípò rẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́fà sí méjìlá gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣe rí, yóò sì máa kì í mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré kò lè ki òkúta tí ó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ amọ̀, a máa ń tẹ́ aṣọ líle kan sáàárín amọ̀ àti òkúta kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni dídà ojú ọ̀nà: sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dà kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ onílé ni yóò bá oníṣẹ́ jà lórí àwọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ojú kọnkéré tí wọn kò ní béèrè ohun kan nípa òkúta yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni owó tí wọ́n ná yóò dúró lé.

Nítorí pé ìpìlẹ̀ ilé dúró lórí ilẹ̀ tí kì í dì, tí ọ̀nà ọkọ̀ sì wà nínú èyí tí ó ń dì, ilé kì í mira ṣùgbọ́n ọ̀nà ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọnkéré ọ̀nà lẹ̀ mọ́ ti gáréèjì. Ohun rírọ̀ ni a ń fi sáàárín wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, láti òkè ni ó ti ń yọ́, omi kò sì ríbi gbà sísàlẹ̀ nítorí yìnyín tí ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ni ilẹ̀ fi máa ń rọ̀ jù lọ ní ìgbà ìrúwé, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ń dín ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ ńlá lè gbé lórí àwọn ọ̀nà kan kù lákòókò náà. Onílé náà lè kọ́gbọ́n níbẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù wọ àgbàlá rẹ̀ ní oṣù kẹrin.

Ní ti kọnkéré fúnra rẹ̀, ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ yìnyín jẹ́ ohun tí wọ́n ṣèèṣì rí. Ní ọdún 1930 sí 1939, ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣàkíyèsí pé apá kan lára àwọn títì wọn ń la ìgbà òtútù já tí àwọn yòókù sì ń hó. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi ọ̀rá màlúù díẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, kí ó lè rọrùn láti lọ̀. Ọ̀rá náà ti ṣe bí ọṣẹ: ó ti fi ẹgbàágbèje ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké sínú kọnkéré. T. C. Powers, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ Portland Cement Association, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà, pé omi tí ó ń dì nílò ibi tí yóò sá sí, bí ihò afẹ́fẹ́ bá sì wà nítòsí, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò tú sí dípò ara kọnkéré. Jíjìnnà omi sí ihò tí ó sún mọ́ ọn jù ló ṣe kókó, kò sì yẹ kí ó ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ. Lónìí, kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí i ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rá màlúù, afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 sí 8 nínú 100. Bíríkìlà tí ó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Kùtọnu, níbi tí omi kì í ti dì nílẹ̀, kò ní ìdí kankan láti fi afẹ́fẹ́ sí kọnkéré, ó tilẹ̀ lè kà á sí àbùkù, nítorí afẹ́fẹ́ ń dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀. Ní Minnesota, kọnkéré tí kò ní in ti gba ìdájọ́ ikú.

Afẹ́fẹ́ yìí kò ní ràn án lọ́wọ́ bí omi bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀. Ìwọ̀n omi kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 45 nínú 100 ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì lọ, bẹ́ẹ̀ ìdánwò àtibu omi sí i kí ó lè rọrùn láti tẹ́ kò jìnnà sí oníṣẹ́ tí oòrùn ń pa. Omi tí ó bá ṣẹ́kù yóò fi ọ̀nà tóóró-tóóró sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ, ọ̀nà wọ̀nyẹn ni omi yìnyín yóò sì tún gbà padà. Àṣìṣe tí ó jọ èyí ni kí wọ́n máa wọ́n omi sójú kọnkéré tútù, kí wọ́n sì fi irin rẹ́ ẹ títí yóò fi dán, èyí tí ń lé afẹ́fẹ́ kúrò ní òkè ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n fà kọjá lórí rẹ̀ ti tó, kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Ínǹṣì mẹ́rin ni ó nípọn tó fún ọkọ̀ kékeré, pẹ̀lú ìlà tí a gé sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá síra, kí ó lè jẹ́ pé ibi tí a yàn fún un ni yóò ti sán nígbà tí ó bá ń súnkì. Lẹ́yìn náà, kí a jẹ́ kí ó wà ní tútù fún ọjọ́ méje, kí ó sì wá gbẹ fún nǹkan bí oṣù kan kí iyọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín tó kàn án, nítorí náà ẹni tí ó da kọnkéré ní òpin oṣù kẹwàá ti pẹ́ dé.

Ọ̀dà, ìyẹn òkúta àti iyanrìn tí a fi bítúmẹ̀nì gbígbóná lẹ̀ pọ̀, rọ̀ ju kọnkéré lọ, ó sì ń tẹ̀lé ilẹ̀ bí ó bá wú, ṣùgbọ́n ó ń le nínú òtútù títí yóò fi sán. Orúkọ tí wọ́n fi ń ta bítúmẹ̀nì sọ èyí kedere: 58-28 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ojú ọ̀nà tí ó lè gbóná dé ìwọ̀n 58, tí ó sì lè tutù dé ìwọ̀n 28 nísàlẹ̀ òdo. Ìlànà yìí jáde láti inú ìwádìí ńlá kan tí Amẹ́ríkà ṣe láàárín ọdún 1987 sí 1993. Minnesota ní ibi ìdánwò tirẹ̀, MnROAD, lẹ́bàá ọ̀nà I-94 nítòsí Albertville, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1994. Ìkunra dúdú tí àwọn onílé ń fẹ́ràn láti máa fi tún ojú ọ̀dà ṣe kò fún un ní agbára kankan. Ó kàn ń dá oòrùn àti omi dúró díẹ̀ ni, bí ó bá sì ti pọ̀ jù, á máa ṣí. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2014 ni òfin Minnesota ti ka irú èyí tí a fi ọ̀dà èédú ṣe léèwọ̀, nítorí kẹ́míkà olóró tí ó ń ṣàn láti ara rẹ̀ lọ sínú omi.

Ní ti íńtálọ́ọ̀kì, bí ibì kan bá wú, a ó ṣí i, a ó tún iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ṣe, a ó sì tò ó padà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, omi sì ni aláǹgbá ọ̀nà ọkọ̀. Ojú sísán tí kò ju ìdajì ínǹṣì lọ ni kí a dí kí ìgbà òtútù tó dé, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá kọjá. Iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù. Iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ yìnyín mọ́ bí ìtutù bá ti kọjá ìwọ̀n 9 nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà ẹni tí ó ń dà á ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi owó ṣòfò. Ìwádìí tí Verbeck àti Klieger ṣe ní ọdún 1957 sì fi hàn pé omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré, ní nǹkan bí ìdá 2 sí 4 nínú 100, ni ó ń mú kí ojú kọnkéré hó jù, kì í ṣe èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ilé tí kò ra iyọ̀ rárá kò bọ́, nítorí iyọ̀ títì ìjọba ń tẹ̀ lé ọkọ̀ wálé, ó sì ń kán sílẹ̀ níwájú gáréèjì. Iyanrìn ni ó dára fún ọdún àkọ́kọ́. Ajílẹ̀ tí ó ní ammonium nínú, tí àwọn kan ń lò dípò iyọ̀, ń jẹ kọnkéré fúnra rẹ̀.

Minnesota Pollution Control Agency, àjọ ìpínlẹ̀ náà tí ó ń mójú tó ìbàyíkájẹ́, sọ pé ṣíbí tíì kan iyọ̀ tó láti ba gálọ̀nù omi márùn-ún jẹ́, kò sì sí ọ̀nà tí ó rọrùn láti yọ ọ́ kúrò nínú adágún bí ó bá ti débẹ̀. Àmọ̀ràn àjọ náà ni pé kí onílé kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò kí ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó wá fi iyọ̀ tí kò ju ife kọfí kan lọ wọ́n ọ̀nà tí ó gùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹyọ kan má lẹ̀ mọ́ èkejì, kí ó sì gbá èyí tí ó bá ṣẹ́kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́ tán, kí ó fi pamọ́ de ọjọ́ mìíràn.