Ẹ Jókòó Síbi Tí Ajá Yóò Jókòó Kí Ẹ Tó Sanwó Mọ́tò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí àkọlé yìí, wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Tíṣà, ṣé ìṣòro ìlú yìí ti tán ni, tí ọ̀rọ̀ fi wá kan mọ́tò ajá?" N kò bá wọn wí. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín Ṣàngíṣà àti Ọjọ́ta ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù.

Ní ayé àtijọ́, ajá kò ní nǹkan í bá mọ́tò ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń tẹ̀lé ọdẹ lọ sínú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló fi ń bọ̀ wá sílé. Lónìí, àwọn tó ń ná ọjà Maili 12 a máa jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, owó ọjà a sì máa sùn sílé nígbà mìíràn. Ajá ni ọ̀pọ̀ ní Ṣàngíṣà, Ìkòsì àti Kétu fi ń ṣọ́lé. Kì í sì í ṣe ajá kékeré ilé wa nìkan mọ́. Alsatian ti Jámánì wà ńbẹ̀, Rottweiler wà ńbẹ̀, Boerboel ti South Africa náà wà ńbẹ̀. Akọ Alsatian a máa ga tó 60 sí 65 sẹ̀ǹtímítà ní èjìká, a sì máa wọn 30 sí 40 kílò. Akọ Boerboel tó jẹun kánú lè tó 70 kílò. Ẹ rántí pé 50 kílò ni àpò sìmẹ́ńtì kan.

Irú ajá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi déédéé lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Báwo ni yóò ṣe débẹ̀? Bí dánfó bá dúró, àwọn èrò á pariwo. Ọ̀kadà kò tilẹ̀ ṣeé bá a gùn, ìjọba Èkó sì ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September 2022. Ó di dandan kí olówó ajá wá mọ́tò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣe àṣìṣe.

Ajá méjì ni mo ń sìn nígbà náà. Akọ jẹ́ Alsatian, mo sọ ọ́ ní Tanimọ̀la, bí àwọn bàbá wa ti máa ń fi orúkọ ajá pòwe. Abo jẹ́ Boerboel, òun ni à ń pè ní Sùúrù. Ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ni mọ́tò mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la jọ fẹ́ lọ. Àwọn ajá méjèèjì kò gba ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ń kùn mọ́ ara wọn. Ni mo bá ṣí búùtù, mo ní kí Tanimọ̀la wọlé. Kò fẹ́ wọlé. Mo tì í wọlé. Mo wá fi okùn so ìdérí búùtù kí ó má baà pa dé tán, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni mo ta yẹn.

Bí a ti já sí CMD Road ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gbà wá mọ́ra. Oòrùn ọ̀sán ń ta bí ata. Tanimọ̀la ń gbó, ó ń fi ẹsẹ̀ lu búùtù gbì gbì gbì. Èmi ń pariwo láti iwájú pé kí ó dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó dákẹ́. Mo wo ọmọ mi, mo ní, "Ṣé o rí i, ó ti sùn."

Kò sùn o. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí mo tú okùn, ahọ́n rẹ̀ ti wú, ó ti dúdú, itọ́ tó nípọn kún ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí wa. Dókítà da omi lé e lára, ó fẹ́ ẹ, ó gún un ní abẹ́rẹ́. Kí agogo mẹ́rin tó lù, Tanimọ̀la ti kú.

Dókítà náà kò bú mi. Ó ní ooru ni ọ̀tá kìn-ín-ní, èéfín ni ọ̀tá kejì. Ó ní bí mọ́tò bá ń lọ tí búùtù sì ṣí díẹ̀, èéfín sàlẹ́ńsà a máa rọ́ wọ inú búùtù, gáàsì tí kò ní òórùn tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sì wà nínú èéfín náà. Okùn tí mo rò pé mo fi ṣàánú rẹ̀, òun náà ló tún pa kún un. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, "Dádì, nígbà tó ń lu búùtù yẹn, ṣé àwa ló ń pè?" Ẹ̀yin ará, èmi tó ń dáhùn ìbéèrè ọmọ ogójì nínú kíláásì lójoojúmọ́, n kò rí ìdáhùn kankan fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo rí nìyí.

Ara ajá kò rí bí tiwa. Bí ooru bá mú wa, a ó làágùn kárí ara, atẹ́gùn á fẹ́ wa, ara á tù wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn díẹ̀. Ẹnu ló fi ń tu ara rẹ̀ lára; ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń yọ ahọ́n tí ó sì ń mí gúlegúle. Bí atẹ́gùn tó ń mí sínú bá gbóná, kò sí ìtura fún un mọ́. Ìgbóná ara ajá tó dá ṣáṣá jẹ́ bí i dígírì 38.3 sí 39.2 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti kọjá 41, ikú ti ń kanlẹ̀kùn. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí kan ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà wọn ooru inú mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú oòrùn. Wọ́n rí i pé láàárín wákàtí kan, ooru inú rẹ̀ fi nǹkan bí i dígírì 22 ju ti ìgbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Wíwa gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín in kù. Ẹ wá ṣe ìṣirò ti Èkó: bí ìta bá jẹ́ 30, inú mọ́tò á sún mọ́ 52.

Nítorí náà, ohun kìn-ín-ní tí ẹ óò wò lára mọ́tò ni atẹ́gùn. Ibi tí ajá wà àti ibi tí awakọ̀ wà gbọ́dọ̀ jẹ́ iyàrá kan náà. Ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní búùtù ọ̀tọ̀ kò yẹ fún ajá ńlá, àfi tí ajá bá jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sí iwájú ni kí ẹ wá, bí i Sienna, jíìpù, tàbí Matrix. Bí ó bá ní ihò A.C. lẹ́yìn, ó tún dára sí i.

Ohun kejì ni àyè. Ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò, ẹ wọn ajá yín láti imú dé ìdí ìrù, ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí. Ẹ gbé téèpù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò. Ajá gbọ́dọ̀ lè dìde dúró, kí ó yí po, kí ó sì nà gbalaja. Bí ajá bá jẹ́ méjì, kí a má rò pé wọn á fún ara wọn mọ́ra bí èrò mólúè.

Ohun kẹta ni ilẹ̀ mọ́tò àti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ gbọọrọ tó tẹ́jú, tí kò jìnnà sí títì, ló dára. Jíìpù gíga lẹ́wà lójú ọlọ́jà, ṣùgbọ́n Alsatian a máa ní àìsàn egungun ìbàdí, fífò sókè fífò sílẹ̀ a sì máa dá kún un. Bí jíìpù lẹ bá ní, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe pákó tí ajá yóò máa gùn wọlé. Nínú Sienna tí wọ́n ṣe láti 2004 títí dé 2010, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá máa ń ká wọ inú ilẹ̀ mọ́tò, ti àárín ṣeé yọ, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí à ń fà. Àwọn àgbà á rántí Peugeot 504 onígbọọrọ tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. Bí irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì dá ṣáká, ẹ má tà á, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ láyè fún ajá. Ní ti píkọ́ọ̀pù, irin gbígbóná ni ilẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, ajá sì lè bẹ́ sílẹ̀ lójú títì. Bí kò bá ní òrùlé tó ní fèrèsé, kí a fi sílẹ̀ fún iṣu.

Ohun kẹrin ni ìdènà. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Bí mọ́tò tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá ṣàdédé dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ajá 40 kílò tí a kò so yóò fò wá síwájú pẹ̀lú agbára ẹrù tó ju 500 kílò lọ. Orí ta ni yóò bà? Orí ọmọ yín tàbí tiyín. Nínú ìwé òfin ìrìnnà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà kẹtàdínlọ́gọ́ta sọ ọ́ kedere pé kí a so ajá tàbí kí a há a mọ́ bí ó bá wà nínú mọ́tò. Wẹ́dà àdúgbò lè ṣe irin alápẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí yóò dá ẹ̀yìn yà sí iwájú, tí atẹ́gùn yóò sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ajá méjì tí kò rẹ́, kí ó tún dá ẹ̀yìn sí méjì.

Ohun karùn-ún ni àpò yín. Ní ìparí May 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, jálá epo tó wà lábẹ́ 200 náírà di 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún ti gun òkè sí i lẹ́yìn náà. Ẹ̀ńjìnnì Sienna tí mo wí yẹn tóbi, a sì máa mu epo. Ẹni tó ń gbé ajá kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Matrix tó lè ká ìjókòó ẹ̀yìn tó o. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀méjì lọ́dún ni ajá rẹ̀ ń jáde, kí ó háyà kòrópe ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó bá awakọ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ajá lòun fẹ́ gbé. Kò yẹ kí a torí ajá jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, obìnrin tó ń ta tòmátò ní Maili 12, ní ajá mẹ́ta. Ó pè mí pé, "Tíṣà, ẹ bá mi wo jíìpù kan, ó wù mí." Mọ́tò náà ń dán gbinrin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tanná sí i, kí wọ́n tan A.C., kí ẹ wá wọ ẹ̀yìn pátápátá níbi tí àwọn ajá máa wà." Ó ní, "Èmi? Pẹ̀lú ìró àti gèlè?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé. Agogo méjìlá ọ̀sán ni. A dúró lójú kan bí ìgbà tí a wà nínú gósìlóò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tó fi lu gíláàsì. Nígbà tó jáde, gèlè ti wọ́, òógùn ti bo ojú. Ó ní, "Tíṣà, A.C. yìí kò dé ẹ̀yìn. Èéfín sì ń rùn sí mi." Ó dá owó rẹ̀ padà sí báàgì. Sienna tòkunbọ̀ ló rà níkẹyìn, lẹ́yìn tó ti jókòó sínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ rántí pé kò sí mọ́tò náà, bó ti wù kó dára tó, tí a lè pa ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kí a ti ajá mọ́ inú rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ ra nǹkan díẹ̀ lọ́jà. Ẹ gbé omi àti abọ́ dání. Bí ajá bá ń mí gúlegúle láìdáwọ́ dúró, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù lé e lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì yára wá dókítà. Bí ó bá sì ń gbó, ẹ dúró kí ẹ wò ó. Bí ó bá dákẹ́, ẹ tètè dúró.

Sùúrù ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti ta ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn, mo ra mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ní ọjọ́ tí mo gbé e wálé, kí n tó pe ajá, ọmọ mi ti kó wọ ẹ̀yìn, ó sùn gbalaja síbẹ̀, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n tan A.C., kí n wa mọ́tò yí àdúgbò po. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀. Nígbà tí a dúró, ó dìde, ó ní, "Dádì, ó dára. Ẹ pe Sùúrù wá."