Ìyá Ìlù àti Gúdúgúdú: Ṣé Ohùn Kan Ló Ń Súni?

Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ bákan náà títí tó fi sú ni, "monotonous" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èdè Gíríìkì ni orírun rẹ̀: "monos" ni ẹyọ kan, "tonos" ni nínà okùn ohun èlò orin, àti ohùn tí nínà náà ń mú jáde. Ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá ni pé ohùn kan ṣoṣo ló ń súni. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó mọ ìlù lù tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀, ti jọba láti 1946 sí 1975.

Ìlù méjì ni ká wò níbẹ̀. Ìyá ìlù ní ojú méjì, ọṣán ló so wọ́n pọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán, ohùn á ròkè. Bó bá dẹwọ́, ohùn á wálẹ̀. Gúdúgúdú ní ojú kan péré, ìda wà láàárín awọ rẹ̀, bílálà méjì la fi ń lù ú. Ibi tí a bá fa awọ rẹ̀ le dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń wà títí eré á fi parí.

Ìyá ìlù ń ki ọba, ó ń pòwe, ó sì lè dákẹ́ nígbà tó bá wù ú. Gúdúgúdú kì í sábà kini. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má dákẹ́. Ìyá ìlù ráyè yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún nítorí pé gúdúgúdú ò kúrò lójú ọ̀nà.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń kàwé lóhùn kan, ó lè sú wa, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tó wí. Bí Yorùbá bá pe ìgbà, igba àti igbá lóhùn kan náà, kò tíì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ìyá ìlù, tó ń fi ohùn ìlù sọ Yorùbá, ò fi lè ṣe aláìní ohùn púpọ̀.

Síbẹ̀, gúdúgúdú ò sú agbo. Bílálà kan ń lù, èkejì ń já lù ú. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń gbé ẹsẹ̀ oníjó. Ìyá ìlù tó bá sì ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo kini láti àárọ̀ á sú ni, tòun ti gbogbo ohùn rẹ̀.

Nínà awọ ló pa ìlù méjèèjì pọ̀. Bí òjò bá mú awọ dẹ̀, méjèèjì ló ń kú lóhùn, àfi bí onílù bá sá wọn sóòrùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi "monotonous" bá oníwàásù wí, ẹjọ́ wọn lè tọ́. Bí wọ́n bá fi bá gúdúgúdú wí, ẹsẹ̀ oníjó ni ẹlẹ́rìí tí yóò ta kò wọ́n.