Aládùúgbò Púrótọ́ọ̀nù: Ìdí tí Àmì Kan Fi Ń Pín sí Púpọ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ̀ kẹ́míkà mú gègé láti kọ̀wé sí ìwé àwọn onímọ̀ èdè. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀kọ́ wa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá fi Yorùbá là á fún wọn, ó máa ń tètè yé wọn ju ìgbà tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti pípín tí àmì púrótọ́ọ̀nù máa ń pín nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ NMR yẹ nǹkan wò. N ó fi ọtí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ tiwọn, àti nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 2015.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òdè-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí a máa fọ́ ẹni tí ó bá ṣe, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, kì í sì í pẹ́ tí onítọ̀hún yóò fi dákú. Ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ ni ó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ní òrìṣà ni a ṣẹ̀; àwọn mìíràn ní oògùn tí a fi ń pa koríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, a rí i pé mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ògógóró ni ó ṣe ọṣẹ́ náà. Ọmọ ìyá ni mẹ́tánọ́ọ̀lù àti ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ohun tí ó wà nínú ẹmu àti ògógóró tí ọtí fi ń pa ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń fọ́ ni lójú tí ó sì ń gba ẹ̀mí. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, iná a sì máa ran méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé kábọ́ọ̀nù méjì ni ó wà nínú mólékù ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ti mẹ́tánọ́ọ̀lù. N kò sọ pé ẹ̀rọ NMR ni a fi ṣe àyẹ̀wò ti ọjọ́ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá mọ àmì púrótọ́ọ̀nù í kà kò ní ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Púrótọ́ọ̀nù ni kókó tí ó wà láàárín átọ́ọ̀mù háídrójìn, ó sì ń ṣe bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé e sí àárín òòfà ńlá, ọ̀nà méjì péré ni ó lè gbà dúró: kí ó kọjú sí ibi tí òòfà ńlá náà kọjú sí, tàbí kí ó kẹ̀yìn sí i. Ìgbì rédíò tí ó bá a mu gẹ́lẹ́ lè yí i láti ìdúró kan sí èkejì, àmì ìyípadà yìí ni ẹ̀rọ sì ń kọ sílẹ̀. Felix Bloch ní Stanford àti Edward Purcell ní Harvard, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n la ọ̀nà yìí ní ọdún 1946, olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀; àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1952.

Ní ọdún 1951, Arnold, Dharmatti àti Packard, ní Stanford bákan náà, gbé ẹ́tánọ́ọ̀lù sínú òòfà wọn, wọ́n sì rí àmì mẹ́ta dípò ọ̀kan. Púrótọ́ọ̀nù mẹ́fà tí ó wà nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ará ilé kan náà: mẹ́ta wà lórí kábọ́ọ̀nù ìpẹ̀kun, méjì wà lórí kábọ́ọ̀nù kejì, ọ̀kan sì wà lára ọ́síjìn. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tí ó yí wọn ká kò dọ́gba, nítorí náà agbára òòfà ńlá kò dé ara wọn bákan náà. Títóbi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ 3 sí 2 sí 1, gẹ́gẹ́ bí iye wọn.

Nígbà tí òòfà dára ju ti ìṣáájú lọ, a rí ohun àjèjì. Àmì àwọn mẹ́ta ìpẹ̀kun kì í ṣe ṣónṣó kan. Ṣónṣó mẹ́ta ni, ti àárín sì ga ní ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbẹ́. Àmì àwọn méjì sì di ṣónṣó mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó bá rí ṣónṣó mẹ́ta yóò wí pé, ‘Púrótọ́ọ̀nù mẹ́ta ni.’ Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Iye ṣónṣó kì í sọ iye àwọn tí ó ni àmì náà. Iye aládùúgbò wọn ni ó ń sọ.

Ẹ mú owó ẹyọ méjì, kí ẹ dà wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí ojú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Kí méjèèjì ṣí, ọ̀nà 1 ni. Kí ọ̀kan ṣí kí ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀nà 2 ni, nítorí ó lè jẹ́ ti ọ̀tún ni ó ṣí, ó sì lè jẹ́ ti òsì. Kí méjèèjì dojú bolẹ̀, ọ̀nà 1 ni. Púrótọ́ọ̀nù méjì tí ó wà lórí kábọ́ọ̀nù kejì kò yàtọ̀ sí ẹyọ méjì yìí. Nínú mólékù kan, àwọn méjèèjì dúró sí ìhà kan, wọ́n sì fi díẹ̀ kún agbára tí ó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wọn. Nínú òmíràn, ọ̀kan kọjú, ọ̀kan kẹ̀yìn, ti èkíní sì pa ti èkejì rẹ́. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn méjèèjì dúró sí ìhà kejì, wọ́n sì bù díẹ̀ kúrò. Mólékù tí ó wà nínú ẹ̀kán ọtí kan kò níye, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ ohùn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́ta ìpẹ̀kun fi ń yọ ṣónṣó mẹ́ta, ní 1 sí 2 sí 1. Bí ẹ bá wá da ẹyọ mẹ́ta, ẹ ó rí 1, 3, 3, 1: bí àmì àwọn méjì náà ti rí nìyẹn, nítorí mẹ́ta ni aládùúgbò tiwọn.

Àwọn tí ó mọ ẹ̀ẹ̀rìndínlógún láàárín yín ti mọ òfin yìí tipẹ́. Ẹyọ 16 ni a ń dà, ṣùgbọ́n ọ̀nà 17 ni a lè gbà ka iye tí ó ṣí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọ̀kankan má ṣí. Ẹ ka aládùúgbò, kí ẹ fi 1 kún un. Òfin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbì kan ṣá, àfiwé yìí kò bára mu. Owó ẹyọ ní ìhà tí ó fẹ́ràn láti ṣubú sí, ṣùgbọ́n púrótọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ojúsàájú: nínú òòfà tí ó lágbára tó ti òde òní, bí a bá ka 100,000 púrótọ́ọ̀nù, nǹkan bí 3 péré ni àwọn ti ìhà kan fi ń ju ti ìhà kejì.

Báwo ni aládùúgbò ṣe ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò? Kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́ lásán, nítorí mólékù inú omi ń yí gbiri tó bẹ́ẹ̀ tí irú agbára bẹ́ẹ̀ fi ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Ní ọdún 1952, Ramsey àti Purcell ṣàlàyé pé ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tí ó so átọ́ọ̀mù pọ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ náà. Bí ìsopọ̀ bá sì ti ju mẹ́ta lọ láàárín àwọn méjèèjì, a kì í sábà gbọ́ ọ mọ́. Ṣáájú èyí ni Gutowsky, McCall àti Slichter, àti Hahn pẹ̀lú Maxwell lọ́tọ̀, ti rí i pé àlàfo láàárín ṣónṣó àti ṣónṣó kì í yí padà bí a tilẹ̀ pààrọ̀ agbára òòfà.

Lójú tèmi, àlàfo yìí ni ó ṣe iyebíye jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, nǹkan bí ìgbì 7 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òòfà tí púrótọ́ọ̀nù ti ń gba ìgbì 60 mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí ìgbì 144 ni ó ya àmì àwọn mẹ́ta sọ́tọ̀ sí ti àwọn méjì. Nínú ti 400 mílíọ̀nù, ó di 960. Ṣùgbọ́n 7 ṣì ni 7. Èyí tí ó tún dára jù ni pé 7 yìí kan náà ni a ó bá nínú àmì onímẹ́ta àti nínú onímẹ́rin, nítorí bí èkíní ti ń ti èkejì ni èkejì ń ti èkíní. Nínú ohun tí àmì rẹ̀ pọ̀ bí igbó, ẹni tí ó bá rí àlàfo kan náà níbi méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àwọn tí ó múlé gbe ara wọn.

Òfin kíka aládùúgbò ní ààlà tirẹ̀. Ó tọ́ nígbà tí gbogbo aládùúgbò bá ń ti ni dọ́gba. Bí kábọ́ọ̀nù méjì bá fi ìsopọ̀ méjì di ara wọn mú, àlàfo ti aládùúgbò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lè jẹ́ 10, kí ti èyí tí ó wà ní òdìkejì jẹ́ 16. Púrótọ́ọ̀nù tí ó bá ní irú wọn méjì yìí yóò yọ ṣónṣó mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta.

Ẹ lè wá bi mí pé, púrótọ́ọ̀nù ara ọ́síjìn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe aládùúgbò ni? Aládùúgbò ni, ṣùgbọ́n kì í gbé ojú kan. Bí omi tàbí ásíìdì bá wà nínú ọtí náà, kódà bí ó ti wù kó kéré mọ, púrótọ́ọ̀nù yìí yóò máa ti ara mólékù kan bọ́ sí òmíràn kíákíá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó kù kò fi ní mọ ìhà tí ó kọjú sí. Inú ẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ dáadáa nìkan ni a ti ń rí i tí òun náà ń pín àmì. Ògógóró kì í sì í ṣe aláìlómi.

Ohun tí ó ń tú mẹ́tánọ́ọ̀lù fó nìyẹn. Púrótọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ó wà lórí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí kábọ́ọ̀nù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èyí tí ó wà lára ọ́síjìn sì ti di alárìnkiri. Wọn kò ní aládùúgbò, nítorí náà ṣónṣó kan ṣánṣán ni wọn ń yọ. Lórí òṣùwọ̀n tí a ń lò, nǹkan bí 3.3 ni ṣónṣó náà ń dúró sí. Àmì onímẹ́ta ti ẹ́tánọ́ọ̀lù wà ní nǹkan bí 1.2, onímẹ́rin rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 3.6. Púrótọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ó ni ṣónṣó kan yẹn, mẹ́ta náà ni ó sì ni àmì onímẹ́ta. Bí títóbi ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti èkejì, mólékù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ni ó wà nínú ìgò náà fún mẹ́wàá ti ẹ́tánọ́ọ̀lù.