Ibùwọ̀ ní Ìbàdàn: Bí Àlejò Ṣe Lè Yan Ilé Tó Bá Àpò Rẹ̀ Mu

Àlejò kì í wọ́n ní Ìbàdàn. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń wọlé láti Èkó, láti Oǹdó, láti Kwara àti láti òkè òkun: ẹni tó gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn ńlá UCH, òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gboyè ní Yunifásítì, ẹbí ọkọ tó wá ṣe ìgbéyàwó, àwọn aṣojú ìjọ tó wá sí ìpàdé ọlọ́dọọdún. Ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn ni pé, "Èló ni yàrá kan?" Iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọ ti mú kí n máa bá àlejò wá ibùwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì rí ni pé ipò kẹta ló yẹ kí ìbéèrè yẹn wà. Èkíní ni pé, níbo gan-an ni ohun tó gbé yín wá wà? Èkejì ni pé, ìgbà wo ni ẹ ó máa jáde, ìgbà wo ni ẹ ó sì máa wọlé? Ẹni tí kò bá tíì dáhùn méjèèjì yìí kò lè mọ ilé tó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n.

Ìdí ni pé ìlú yìí tóbi. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni wọ́n pín in sí, márùn-ún láàárín ìgboro, mẹ́fà lẹ́yìn odi. Nítorí náà, ilé ìtura tó kọ "Ìbàdàn" sára pátákó rẹ̀ lè wà ní Mọ́níyà, kí ohun tí ẹ bá wá sì wà ní Ring Road. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ti mú ìrìn àjò rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mọ́níyà ní ìhà àríwá ìlú ni ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ń já èrò sí wà. Ẹni tó bá fi alẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ṣì ní láti wá Máíkírà, ìyẹn takisí kékeré tó kún gbogbo títì Ìbàdàn, tí yóò gbé e wọ ìgboro. Ẹ máa ka owó Máíkírà mọ́ owó yàrá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé aláìsàn wá ló ká mi lára jù. Láti ọdún 1957 tí wọ́n ti ṣí UCH ni ó ti ń gba aláìsàn láti ibi gbogbo, ẹbí kì í sì í mọ̀ bóyá ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn yóò lò tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn mìíràn a sá lọ sí ilé tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lẹ́yìn ìlú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tí ilé kan pàtó ń gbà. Ká ní yàrá tó jìnnà jẹ́ N10,000 lóru kan, tí ọkọ̀ sì ń gba N4,000 ní àlọ, N4,000 ní àbọ̀. N18,000 ni ẹ ná lọ́jọ́ kan yẹn. Ká ní yàrá kan ní Yemẹ́tù, ní Òrìtamẹ́fà tàbí ní Mọ́kọ́lá, tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ilé ìwòsàn, jẹ́ N15,000. Ẹ ti jèrè N3,000 lójúmọ́; tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan, N21,000 nìyẹn, ó sì tó ra oògùn díẹ̀. Èyí tó ju owó lọ ni pé bí nọ́ọ̀sì bá pè yín ní aago méjì òru pé kí ẹ wá oògùn kan kíákíá, ẹ kò ní máa dúró de ọkọ̀ lójú títì tó ṣófo.

Kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ má ṣe san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó san ti ọjọ́ méjì, kí ó fi wo ilé náà, lẹ́yìn náà kí ó ná owó ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn onílé kékeré máa ń gbà láti yọ díẹ̀ kúrò fún ẹni tí yóò pẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ tí yàrá wọn ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń rí sí ìgbáyégbádùn aláìsàn pẹ̀lú mọ ibi tí àwọn ẹbí sábà máa ń wọ̀ sí. Ẹ bi wọ́n, ẹ má tijú.

Fún ẹni tí àpò rẹ̀ gbòòrò, ọ̀nà pọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ Premier Hotel lórí òkè Mọ́kọ́lá, tí wọ́n kọ́ ní 1966 nígbà ayé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kì í tẹ́ ibùsùn fún ni, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ pe fóònù wádìí ipò tí ó wà lónìí. Kakanfo Inn wà ní agbègbè Ring Road, ó sì dára fún ẹni tí ohun tó bá wá wà ní ìhà ibẹ̀. International House wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Igi àti ìdákẹ́jẹ́ ni ọgbà náà fi borí, ẹni tó bá fẹ́ sinmi yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìpàdé yín bá wà ní Dùgbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Òjóó àti Sángo yóò jẹ nínú àkókò yín. Òbí tó wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè lè wádìí ilé ìtura tó wà nínú ọgbà Yunifásítì fúnra rẹ̀, tàbí kó wá ilé ní Bódìjà. Oṣù kọkànlá ni Yunifásítì sábà máa ń ṣe ayẹyẹ yìí, kí ẹ wá yàrá sílẹ̀ ṣáájú oṣù náà.

Àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n ni ó yẹ kí ó la ojú jù, nítorí ilé kékeré méjì lè gba iye kan náà kí wọ́n má sì jọra rárá. Iná ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ni títan jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù wúwo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn àdúgbò tí wọ́n pín sí ìpele A, níbi tí iná ti yẹ kó máa wà fún wákàtí 20 lóòjọ́, fò láti nǹkan bíi N68 sí N225 fún ìwọ̀n kan. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè sọ fún yín pé "iná wà" kó sì jẹ́ láti aago méje alẹ́ sí mọ́kànlá péré. Ẹ má béèrè bóyá iná wà, ẹ béèrè pé, "Aago mélòó ni ẹ ń pa jẹnẹrétọ̀?" Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ní láti tọ́jú abẹ́rẹ́ insulin rẹ̀ sínú fíríìjì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Bí ẹ bá sì dé yàrá náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn láìjẹ́ kó tilẹ̀ jí. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, ẹ kọ̀ ọ́, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní ìdajì owó. Ẹ wo irin ojú fèrèsé pẹ̀lú: tí kò bá ṣeé ṣí láti inú, ẹ mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ tú aṣọ ìbùsùn wò. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sanwó ló ń wo ọjà.

Ó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí tí ń fi wákàtí yá yàrá fún ènìyàn, tí orin ilé ọtí ìsàlẹ̀ wọn kì í sì í dákẹ́ títí di òru ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ìdílé tó ní ọmọdé lè mọ èyí ṣáájú bí wọ́n bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ń gba ẹni tí kò ní sùn mọ́jú?" Ilé àlejò àwọn ìjọ àti ti ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń rọjú, wọ́n sì máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin: ẹnu ọ̀nà lè tì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ilé ìwẹ̀ lè jẹ́ àjùmọ̀lò, oúnjẹ sì lè má sí. Ẹni tí yóò máa ti òde ìgbéyàwó bọ̀ lóru kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀.

Nípa owó sísan, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ẹ bá máa fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó dé, orúkọ ilé náà ló yẹ kó wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní máníjà. Ẹ rán ará kan tó ń gbé ìlú náà lọ wo ibẹ̀ fún yín bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí àwòrán kì í gbọ́ ariwo, kì í sì í gbóòórùn. Ẹ béèrè bóyá owó orí ọjà, tó ti wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, ti wà nínú iye tí wọ́n dá tàbí wọn yóò tún fi kún un. Lórí N15,000, N1,125 ni. Ẹ béèrè owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà, kí ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ni yóò fẹ́ kí àlejò kó ẹrù jáde ní aago 12 ọ̀sán. Bí ọkọ̀ yín bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi àpò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n so orúkọ yín mọ́ ọn, kí ẹ sì mú owó, fóònù àti oògùn yín dání.